Ṣé Bẹ́ẹ̀ Ló Rí Lóòótọ́? Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí ní Kétu Nípa Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ń Ṣe Nínú Fíìmù

Ta ni yín, kí ló sì kàn yín nínú ọ̀rọ̀ fíìmù?

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lára ògiri níbi tí àwọn ẹbí aláìsàn ti ń dúró, fíìmù ló sì máa ń wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn á wo dọ́kítà inú fíìmù tán, wọn á yíjú sí mi: "Àǹtí, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Ìbéèrè kan náà ni, lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, lẹ́nu ọmọ iléèwé, lẹ́nu ẹni tó fi zémidjan, ọ̀kadà akérò, gbé aláìsàn wá.

Ibi tí iṣẹ́ tèmi mọ ni mo mọ. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, mo bi ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ agbẹjọ́rò ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ti ọlọ́pàá, mo bi ẹnìkan tó ti fẹ̀yìn tì. Ti Ifá, mo lọ bá bàbá kan ládùúgbò wa tó ti ń dífá kí wọ́n tó bí mi.

Fíìmù wo gan-an lẹ ń sọ?

Èyí tí gbogbo wa ń wò: fíìmù Yorùbá tó ń ti Nàìjíríà wọlé, eré alápá púpọ̀ láti Íńdíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ti yí sí èdè Faransé, àti ti Amẹ́ríkà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé òfin àti ilé ìwòsàn ìlú tirẹ̀ dání. Ẹni tó jókòó sí Kétu, sí Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí sí Àjàṣẹ́ á wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa ṣe rí.

Gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun, ṣé dọ́kítà ni?

Rárá. Dọ́kítà inú fíìmù a máa gba ẹ̀jẹ̀, a máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fúnra rẹ̀, a máa ṣe iṣẹ́ abẹ, a sì tún máa jókòó ti aláìsàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sí ẹni tó lè ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò yàtọ̀, ẹni tó ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ yàtọ̀, agbẹ̀bí yàtọ̀, ẹni tó ń fọ àwọn irinṣẹ́ tó sì ń sè wọ́n kí kòkòrò inú wọn lè kú yàtọ̀. Tí ẹni ìkẹyìn yìí bá ṣe àṣìṣe, gbogbo wa ló ṣe é.

Ní àwọn abúlé tó yí wa ká, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló máa ń wá tí wọ́n á gba ìtọ́jú tí wọ́n á sì padà sílé láìfojú kan dọ́kítà. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ló tọ́jú wọn, "dọ́kítà" náà ni wọ́n sì ń pè é.

Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì inú fíìmù kì í fi í láàánú?

Ojú méjì péré ni nọ́ọ̀sì ní nínú fíìmù. Yálà ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ń sọ̀rọ̀ sí aboyún bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, tàbí ó gbé fáìlì lọ́wọ́, ó ń sáré tẹ̀lé dọ́kítà láìsọ nǹkan kan. Mi ò ní sọ pé ti àkọ́kọ́ yẹn kò sí. Mo ti bá irú wọn ṣiṣẹ́, mo sì ti rí ìyá tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹlẹgbẹ́ mi sọ sí i. Ó dùn mí dọ́kàn, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí fíìmù kì í fi hàn ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan. Aago méjì òru, a fa omi sí ọkùnrin kan lára, lítà kan ní wákàtí mẹ́jọ. Okùn tí a fi ń fa omi fún àgbàlagbà, ẹ̀kán 20 ló ń jẹ́ mílílítà kan, nítorí náà omi yẹn gbọ́dọ̀ máa kán tó ẹ̀ẹ̀mejìlélógójì ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, á gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ti ń kán, á kà á. Tó bá yára jù, omi lè kún ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn. Tó bá lọ́ra jù, ohun tí a torí rẹ̀ fà á kò ní ṣeé ṣe. Á fi àtàǹpàkò yí táyà kékeré ara okùn yẹn díẹ̀, á tún un kà, á wá bọ́ sí ibùsùn tó kàn.

Nínú fíìmù, omi yẹn kì í kán rárá. Ẹ wò ó dáadáa nígbà mìíràn: wọ́n kàn lẹ okùn náà mọ́ awọ ara ni.

Ṣé òótọ́ ni pé bí omi aboyún bá ti já, ọmọ ti dé nìyẹn?

Nínú fíìmù, omi á ya lulẹ̀ nínú ọjà, ìyá á pariwo lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ á ké. Lójú ayé, nínú àwọn aboyún mẹ́wàá tí oṣù wọn ti pé, bí ẹnì kan péré ni omi rẹ̀ ń já kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn yòókù, ìrọbí ló ń ṣáájú. Ẹnu ilé ọmọ gbọ́dọ̀ ṣí tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ó sì wọ́pọ̀ kí ẹni tó ń bí àkọ́bí lò ju wákàtí méjìlá lọ lórí ìyẹn. Kì í fi gbogbo ìgbà pariwo. Á rìn, á mu omi, á di ògiri mú, á dákẹ́, á sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ìyá rẹ̀, á tún dákẹ́.

Ọmọ tí wọ́n máa ń gbé jáde nínú fíìmù ti tó ọmọ oṣù mẹ́ta. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tutù, ọ̀rá funfun kan bò ó lára, orí rẹ̀ lè gùn sẹ́yìn nítorí ọ̀nà tó gbà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè dúdú díẹ̀ bí aró. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. A kì í fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ sókè kí a gbá a ní ìdí. A máa ń fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíákíá, a ó gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ara kan ara, a ó dúró tó ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí a tó di ìwọ́ rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ó mu ọmú kí wákàtí kan tó kọjá.

Ibi tí fíìmù ti ń parí ni ọkàn tèmi ti ń kó sókè. Ọmọ ti ké, gbogbo ilé ń yọ̀, ibi ọmọ kò sì tíì jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa ìyá jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó lè ya nígbà tí ìyá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ wa fi wà lórí ikùn ìyá tí a ń fọwọ́ wò ó bóyá ilé ọmọ ti le, tí ojú wa sì wà lára aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ẹ̀ ń kọrin ayọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nínú gbogbo fíìmù tí mo ti wò láti kékeré, mi ò tíì rí ibi ọmọ tó jáde rí. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sílé, tí ẹ wá rò pé ó ti tán nígbà tí ọmọ ké, ẹ jọ̀ọ́, kò tíì tán.

Ṣé dọ́kítà máa ń jáde wá bi ọkọ pé, "Ìyá ni kí n gbà là àbí ọmọ"?

Rárá, rárá. Kò sí ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọkọ lọ́rùn. Ìyá la máa ń kọ́kọ́ dúró tì, nítorí bí ìyá bá wà, ọ̀nà ṣì wà fún ọmọ. Ìyá fúnra rẹ̀, tí ojú rẹ̀ bá ṣì dá, ni a máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún.

Mo ti rí ọkọ tó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà tó ń ké pé, "Ẹ gba ìyá là!" nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í ní nǹkan kan, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń rọbí wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú yàrá. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló wo fíìmù yẹn. Ohun tí a máa ń bi ọkọ gan-an ni: ta ni nínú ẹbí tó lè wá fún un ní ẹ̀jẹ̀? Kí ẹ ti ronú ìdáhùn ìyẹn sílẹ̀ láti oṣù kẹjọ.

Tí ìlà orí ẹ̀rọ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣé iná tí wọ́n ń fi gbá àyà yẹn máa ń jí òkú?

Ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ibi tí ẹ̀rọ yẹn kò wúlò rárá. Ọkàn tó ń gbọ̀n rìrì láìtò ni wọ́n ń lò ó fún: iná náà á dá a dúró lẹ́ẹ̀kan kí ó lè tún ara rẹ̀ tò. Ọkàn tí kò mira mọ́ kò ní ohun tí iná máa tò.

Ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ àárín àyà mọ́lẹ̀, kí ó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú apá tó nà gbọnrangandan. Òṣèré máa ń ká ìgbúnwọ́ nítorí pé tí ó bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, egungun ìhà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè kán. Ohun tí ẹ ń wò á wá dà bí ẹni tó ń pò ìyẹ̀fun.

Ní 1996, àwọn dọ́kítà kan ní Amẹ́ríkà ka iye ènìyàn tó yè nínú eré tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta nígbà tí wọ́n tẹ̀ wọ́n láyà báyìí. Nínú mẹ́rin, mẹ́ta ló jí. Lójú ayé, tó bá ṣẹlẹ̀ níta ilé ìwòsàn, ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kì í tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Mi ò sọ ìyẹn kí ẹ lè káwọ́ gbera. Mo sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé nọ́ọ̀sì ló pa bàbá yín nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ títí tí kò jí.

Ṣé aṣọ ìnujú tí wọ́n da oògùn sí lè mú ènìyàn sùn lójú ẹsẹ̀?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kílórófọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń dárúkọ gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ènìyàn tó lè dákú, ó sì lè pa á pátápátá.

Nígbà tí wárápá bá mú ènìyàn, ṣé kí a fi ṣíbí sí i lẹ́nu? Ejò ńkọ́, ṣé kí a fi ẹnu fa oró rẹ̀?

Ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ ṣíbí, ì báà jẹ́ igi, ì báà jẹ́ ìka. Eyín á kán tàbí kí nǹkan há a lọ́fun. Ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ sí i lábẹ́ orí, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Tó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ gbé e wá. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń sá fún itọ́ nínú fíìmù ti mú kí wọ́n fi ọmọ ènìyàn sílẹ̀ lójú títì ní ìlú yìí.

Ti ejò: ọdẹ inú fíìmù á fi ọ̀bẹ gé ojú ibẹ̀, á fi ẹnu fà á, á tu ú dànù, ó tán. Gígé náà ń dá egbò kún egbò, fífà kì í mú oró jáde, okùn tí wọ́n ń so pinpin sì lè ba ẹsẹ̀ jẹ́ tí wọ́n á fi gé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹni náà rìn, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà lára rẹ̀ kí ó tó wú, ẹ má mi ẹsẹ̀ náà, ẹ gbé e wá síbi tí oògùn oró ejò wà. Àwọn àgbẹ̀ wa ló ń ru ìyà ìṣẹ́jú méjì fíìmù yẹn.

Ṣé adájọ́ máa ń dé irun funfun, kí ó sì fi òòlù kékeré lu tábìlì?

Irun yẹn jẹ́ ti Nàìjíríà, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gbà á. Òfin tiwa ti ọ̀dọ̀ Faransé wá. Ní ilé ẹjọ́ ní Àjàṣẹ́, agbẹjọ́rò á wọ ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun kékeré lọ́rùn, orí rẹ̀ á sì wà lásán. Òòlù kékeré yẹn, láti Amẹ́ríkà ló ti wọ inú fíìmù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní èyí tó ń dun òun jù ni ti ẹlẹ́rìí tó ń já wọlé lójijì ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ agbẹjọ́rò wà nínú ìwé. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn tó bá tóbi, adájọ́ kan wà tí ìwádìí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, òun ni à ń pè ní juge d'instruction. Ó ti bi àwọn ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí pamọ́ de ọjọ́ ìkẹyìn kí ó lè dùn bíi ti fíìmù, ó lè fi pàdánù ẹjọ́ rẹ̀.

Ọlọ́pàá lè ti ènìyàn mọ́lé bó ṣe wù ú, bí a ṣe ń rí i?

Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Abala 18 ìwé òfin ilẹ̀ wa, ti oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ pé wákàtí 48 ni. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́, òun nìkan ló sì lè fi kún un. Níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á pàápàá, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Fíìmù tí ọlọ́pàá ti ń na ènìyàn kí ó lè jẹ́wọ́, tí àwọn òǹwòran sì ń pàtẹ́wọ́, ń kọ́ wa láti gba ohun tí òfin kọ̀.

Ohun kékeré kan: láti oṣù Kínní ọdún 2018 ni wọ́n ti pa ọlọ́pàá àti àwọn jẹ́ńdámù, ìyẹn àwọn ṣọ́jà tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, pọ̀ di Police républicaine. Eré tó bá ń fi jẹ́ńdámù hàn lónìí, ayé àtijọ́ ló ń sọ.

Babaláwo ńkọ́? Ṣé aṣọ pupa àti agbárí ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo lọ bi bàbá àdúgbò wa, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó dáhùn. Aṣọ funfun ló wọ̀, ìdè Ifá aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ wá kí n wò ó: ẹ̀là mẹ́jọ lórí okùn kan, mẹ́rin lápá kan, mẹ́rin lápá kejì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú bolẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀nà 256 ló lè gbà balẹ̀, ìyẹn gan-an sì ni iye odù Ifá: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Olúkúlùkù ní ẹsẹ tirẹ̀ tí akọ́fá gbọ́dọ̀ kọ́ sórí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Nínú fíìmù, ẹni tó wá á ro ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, babaláwo á wo inú igbá omi, á rí ojú ọ̀tá. Lójú ayé, ẹni tó wá á sọ ohun tó ń dùn ún fún owó ẹyọ ní ohùn jẹ́jẹ́, á fi í lélẹ̀. Babaláwo kò ní láti gbọ́ ọ. Á dá Ifá, á ki ẹsẹ, ẹni tó wá ló máa mọ èyí tó bá tirẹ̀ mu.

Fíìmù ti da babaláwo, oníṣègùn, adáhunṣe àti ẹni ibi pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ilẹ̀ tí ọjọ́ ìsinmi ti wà fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ nínú oṣù Kínní, àwọn ọmọ àdúgbò wa ń sá kọjá lẹ́nu ọ̀nà bàbá yìí. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Ifá ní ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Ọmọ ìlú tirẹ̀ ń sá fún un.

Èyí tó burú jù ni ti oògùn owó. Fíìmù á fi hàn pé wọ́n pa ènìyàn, owó sì ya jáde láti inú igbá. Wọ́n á wá fi ìyà jẹ ẹni náà ní apá kejì kí wọ́n lè sọ pé àwọn ti kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ọ̀dọ́ tó wò ó mú lọ ni pé owó jáde. Owó kankan kì í jáde. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nìkan ló ń jáde, àwọn kan sì ti pààyàn lóòótọ́ nítorí irọ́ yìí. Bàbá ní kí n kọ ọ́ báyìí, mo sì kọ ọ́.

Ọba inú fíìmù máa ń dá gbogbo nǹkan ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Alákétu?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Kétu, ìdílé ọba márùn-ún ló ń gba oyè náà lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ìjòyè ló ń yàn án, àwọn náà ló sì ń bá a dámọ̀ràn. Ọba tó ń pàṣẹ "ẹ mú un lọ!" kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, orí ìtàgé ló ti ń jọba.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe fíìmù náà bi ẹnikẹ́ni?

Ẹ má wo ojú òṣèré, ọwọ́ ni kí ẹ wò. Ojú lè sunkún láìmọ iṣẹ́. Aránṣọ inú fíìmù ń tẹ ẹ̀rọ tí kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ gbé ọkọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó nu òógùn, ìyàwó gbé oúnjẹ dé. Ebè kan kò sí nílẹ̀. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ mẹ́jọ nínú kíláàsì. Ibi tí ọwọ́ bá ti mọ ohun tó ń ṣe, ẹ lè fọkàn tán ìyókù díẹ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ kí fíìmù má parọ́ rárá ni? Ìtàn ni o.

Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Mi ò bínú pé ìrọbí wákàtí mẹ́rìnlá di ìṣẹ́jú méjì. Ta ni yóò jókòó wò ó? Mi ò bínú sí òòlù adájọ́. Irọ́ tó ń gé àkókò kúrú, irọ́ tó ń mú kí ìran lẹ́wà, mo fàyè gbà á.

Irọ́ tí ènìyàn lè gbé lọ sílé lọ lò ni mo bá jà: ṣíbí lẹ́nu ẹni tó ní wárápá, ẹnu lójú oró ejò, owó láti inú igbá. Àtúnṣe rẹ̀ kò sì ná owó kankan. Òṣèré kan náà, igbó kan náà, kámẹ́rà kan náà, kí ọdẹ sọ pé, "Má mira, jẹ́ kí n gbé ọ," dípò kí ó fa ọ̀bẹ yọ. Ọkàn òǹwòran á ṣì kó sókè bákan náà.

Mo ń kọ eré, mo fẹ́ fi agbẹ̀bí sí i. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é kí ó rí bó ṣe yẹ?

Ẹ wá jókòó tì wá kí ẹ tó kọ ọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ bi wá: kí ni ọwọ́ rẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí o wọlé, kí lò ń bẹ̀rù tí o kì í sọ fún ẹbí, kí lo máa ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá tán. Ẹ má bèèrè orúkọ aláìsàn, a kò ní sọ ọ́. Ẹ má ya àwòrán ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ló dáa jù, lẹ́yìn tí a bá ti wọn àwọn ọmọ ọwọ́ tán. Ẹ mú ìwé dání. Lórí àwòrán, màá fi hàn yín ibi tí ọwọ́ agbẹ̀bí máa ń wà lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ké, àti iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀ kí ó tó lọ fọ ọwọ́.